Ìbà Bíìlì Àfojúbù, Aríran Isiokpo

Bíìlì Àfojúbù, mo kí ọ o, mo kúnlẹ̀ kí ọ!
A-ka-mítà-láì-fojú-kàn-án,
A-jókòó-sí-Pọtá-mọ-iye-iná-tí-Isiokpo-jó.
Babaláwo tó gbówọ́ jù, ó di dandan kó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣánlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ìwọ kò gbé nǹkan kan ṣánlẹ̀, àfi bébà tí o tì sí abẹ́ ilẹ̀kùn wa.

Ọmọ NEPA, ẹni 1972. Wọ́n sọ bàbá rẹ ní PHCN ní 2005, wọ́n pín ogún rẹ̀ fún àwọn aládàáni ní oṣù kọkànlá ọdún 2013. Ilé yí padà, olórí yí padà, ìwọ nìkan ni kò yí padà. Nígbà tí NERC, àjọ tó ń ṣàbójútó iná mànàmáná, fi ààlà lé ọ ní oṣù kejì ọdún 2020, o rẹ́rìn-ín músẹ́.

Akin tí òkùnkùn kì í dẹ́rù bà! Tíránsífọ́mà wa kú, jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù káàkiri àdúgbò, ìwọ dé lópin oṣù, o ní iná tí a jó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá Ikwerre tó ń ta bọ̀ọ̀lì àti ẹja létí títì Owerri, èédú ló fi ń sun ún. Ó dà bíi pé o ti ka ooru èédú náà mọ́ ọn.

Ẹ wá wo mítà pírípéèdì, aláìlójútì, tó ń jẹ́ kí mẹ̀kúnnù yẹ òun wò! Iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, wọ́n sì kọ 1000 imp/kWh sí i: bó bá ṣẹ́jú nígbà ẹgbẹ̀rún, yúnìtì kan ti lọ. Pa gbogbo nǹkan inú ilé. Bó bá ṣì ń ṣẹ́jú, wáyà ẹlòmíì lè máa jẹ lára tìrẹ. Ti bọ́ìlà oníwáàtì 1000 bọ korobá omi: láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà, ìgbà 100 ni yóò ṣẹ́jú. Tí fóltéèjì bá já láti 230 sí 180 (èyí tí a mọ̀ dáadáa níbí), kò ní ju bíi 61 lọ. Aláìmọ̀kan á ní mítà ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ bọ́ìlà ni kò rí iná jẹ yó.

Kábíyèsí, ìwọ kò sí nínú irú ìyọnu bẹ́ẹ̀. Fóltéèjì ga, o kò mọ̀. Ó rẹlẹ̀, o kò mọ̀. Iná lọ, ẹnikẹ́ni kò sọ fún ọ. Báwo ni ìwọ ṣe máa ṣìnà, nígbà tí o kò kúrò nílé?

Ilé kan wà lẹ́yìn wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́ńtẹ́ẹ̀lì. Kò ní òrùlé, wọn kò tíì fa wáyà débẹ̀. Baba mi, bíìlì tiwọn dà?