Bọ̀ọ̀dá Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Láti Ojúẹlẹ́gba títí dé Ìdí-Òro, kò sí àdúgbò tí kò ní Bọ̀ọ̀dá Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tirẹ̀. Kì í ṣe pé ó kọ́lé o. Ara rẹ̀ gan-an ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: òkè rẹ̀ fẹ̀, ó kún, ó ń dán, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ìsàlẹ̀ á béèrè pé ta ló fọwọ́ sí irú pílánù báyìí. Àyà rẹ̀ máa ń dé ibi tó ń lọ kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Bó bá wọ dáńfó ní Yábàá, tí kọ̀ńdọ́ ń pariwo pé mẹ́rin-mẹ́rin ni kí wọ́n jókòó, èjìká rẹ̀ á gba àyè ẹni méjì, á sì san owó ẹnì kan, kò sì sẹ́ni tó máa bá a jiyàn. Apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún un débi pé ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ọ̀nà kọjá. Ṣòkòtò ńkọ́? Gbọọrọ ni, ó sì fẹ̀. Kódà nínú ooru oṣù kẹta, tí àwọn yòókù ń wọ péńpé lọ sí jíìmù, òun ò ní í bọ́ ṣòkòtò gbọọrọ rẹ̀. Ohun tó wà lábẹ́ ṣòkòtò yẹn ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Bí ẹ bá bi í pé ọjọ́ wo la wà, kò ní í dárúkọ Mọ́ńdè. Á ní, “Àyà la wà lónìí.” Túsìdeè, ẹ̀yìn; Wẹsidé, èjìká; Tọ́sìdeè, apá; Fúráìdeè, àyà lẹ́ẹ̀kan sí i, torí pé ti Mọ́ńdè kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó wá fi ẹsẹ̀ sí Sátidé. Ẹni tó bá mọ Èkó mọ ohun tí Sátidé jẹ́: ọjọ́ òwàḿbẹ̀, ọjọ́ ìgbéyàwó, ọjọ́ ìsìnkú, ọjọ́ tí wọ́n ń fi kánópì dí ojú títì, ọjọ́ tí wọ́n ń gba Bọ̀ọ̀dá fúnra rẹ̀ ní bọ́ńsà kó lọ dúró lẹ́nu géètì gbọ̀ngàn kan, kó káwọ́ gbera, kó má rẹ́rìn-ín. Ìwé ètò rẹ̀ kò fojú fo ẹsẹ̀ dá. Ó kàn gbé e sí ọjọ́ tí kò lè ṣeé ṣe. Ọgbọ́n ńlá ni. Ẹni tó bá sọ gbangba pé òun ò ní í ṣe ẹsẹ̀, kóòṣì á bá a wí, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ọjọ́ ẹsẹ̀ lákọsílẹ̀, ta ló máa pè é ní ọ̀lẹ?

Èmi ò sọ pé ó burú kéèyàn pín ara sí ọjọ́ọjọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá ni ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ni ètò náà wà fún, Bọ̀ọ̀dá Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò sì ni ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Afárá Third Mainland ló ni ín. Ọ̀gá rẹ̀ ní Island, tó máa ń rántí iṣẹ́ pàtàkì ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ló ni ín. Òjò oṣù kẹfà ní ìpín nínú rẹ̀, NÉPÀ náà ní tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ká ní ó pinnu láti ṣe sẹ́ẹ̀tì 12 fún ẹsẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin á jẹ́ 48. Òwàḿbẹ̀ gba Sátidé mẹ́ta: ó ku 12. Ẹnì kejì pín sẹ́ẹ̀tì 12 yẹn sí mẹ́rin-mẹ́rin, ó ń ṣe é pọ̀ mọ́ àyà, ẹ̀yìn àti èjìká ní Mọ́ńdè, Wẹsidé àti Fúráìdeè. Òun náà pa ọjọ́ mẹ́ta jẹ láàárín oṣù náà, torí Èkó kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Ó ku 36. Gosiló kan náà ló dá àwọn méjèèjì dúró. Ti ọ̀kan, ẹsẹ̀ nìkan ló ru gbogbo àdánù náà. Èkejì pàdánù díẹ̀ lára ohun gbogbo, kò sì sí ẹ̀yà ara kankan tó fura.

Bọ̀ọ̀dá ní èsì, orúkọ èèyàn kan ṣoṣo sì ni: Arnold. Ṣé Arnold Schwarzenegger kò pín ara ni? Ó pín in. Ó gba oyè Mr. Olympia láti 1970 dé 1975 léraléra, ó tún padà gbà á ní 1980. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ọ̀gá Island tó ń pè é ní agogo márùn-ún. Òun náà sì ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé òun lo oògùn tó ń mú ẹran ara wú nígbà náà, oògùn tó máa ń jẹ́ kí ara gba ìyà tí ara lásán kò lè gbà. Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn ọkùnrin náà ni pé nígbà tó rí i pé ẹ̀yìn ojúgun òun kò tó ti àwọn yòókù, ṣe ló gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò ìdárayá rẹ̀ kúrò, kí gbogbo ayé lè rí àbùkù náà, kí ojú sì tì í dé ìdí iṣẹ́. Bọ̀ọ̀dá wa ń wo fídíò Arnold ní alaalẹ́. Kò tíì kan ibi tí wọ́n ti gé ṣòkòtò. Ẹni tó sì wà ṣáájú Arnold ńkọ́? Steve Reeves, tó gba Mr. America ní 1947 tó sì di Hercules inú sinimá ní 1958, gbogbo ara ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fi pípín sílẹ̀ lónìí láti máa ṣe gbogbo ara kò tẹ̀ lé àṣà tuntun kankan. Ó padà sí bí wọ́n ti ń ṣe é kí ó tó di òwò ìwé ìròyìn àti oògùn.

Àríyànjiyàn tó lágbára jù ni ti àwọn tó ń kàwé. Wọ́n á ní ara nílò ìsinmi. Ẹ̀yìn téèyàn ṣe ní Túsìdeè kò gbọdọ̀ tún ṣiṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó yí. Ìsinmi dára, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n. Lẹ́yìn ìgbé-irin, nǹkan bí ọjọ́ kan sí méjì ni ẹran ara fi ń tún ara rẹ̀ kọ́ kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ó padà sí bó ṣe wà. Ẹ̀yìn tó ti parí àtúnṣe ní Tọ́sìdeè, kí ló ń dúró dè títí Túsìdeè mìíràn? Wọ́n á tún ní ìwádìí ti fi hàn pé iye ìgbà kò já mọ́ nǹkan. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Ní 2016, Brad Schoenfeld àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó oríṣiríṣi ìwádìí jọ, wọ́n sì rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ mú ẹran ara dàgbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní 2019 wọ́n tún wò ó, wọ́n sì ní bí àpapọ̀ sẹ́ẹ̀tì ọ̀sẹ̀ bá dọ́gba, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Mo gbà. Ṣùgbọ́n “bí ó bá dọ́gba” yẹn ni gbogbo ẹjọ́ náà. Wọn kì í gbé kánópì òwàḿbẹ̀ wọ yàrá ìwádìí. Ní Mushin, kì í dọ́gba.

Ẹ tún jẹ́ ká wo àwọn tí agbára jẹ́ iṣẹ́ wọn. Ní ìdíje Commonwealth ní Birmingham ní 2022, Adijat Adéníkẹ̀ẹ́ Ọlárìnóyè, nínú ìsọ̀rí àwọn obìnrin tí ìwọ̀n wọn kò kọjá kílò 55, gbé kílò 111 láti ilẹ̀ dé èjìká, ó sì tì í sókè orí. Àpò sìmẹ́ńtì méjì lé ni ìyẹn. Irú irin bẹ́ẹ̀ kì í gba ọwọ́ lọ sókè. Ẹsẹ̀, itan àti ìdí ló ń tì í, ọwọ́ kàn ń bá a parí iṣẹ́ ni. Kò sí ọjọ́ apá nínú eré náà, gbogbo ara ló ń dáhùn ìpè kan. Ẹ wo alábàárù nínú ọjà Mushin náà, tó ń lóṣòó gba àpò ìrẹsì sórí, tó ń fi orúnkún, ẹ̀yìn àti ọrùn dìde, tó sì ń rìn wọ àárín èrò. Ẹ lọ sọ fún un pé èjìká nìkan ni tòní. Níbí ni Bọ̀ọ̀dá máa ń rò pé òun ti mú mi: Fọláṣadé Olúwafẹ́míayọ̀ ńkọ́, tó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì ní Paralympics Paris ní 2024, tó ti kílò 167, tó sì fi gba góòlù pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tuntun lágbàáyé? Ṣebí àyà àti apá ni? Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tí kò lè lo ẹsẹ̀ bó ṣe yẹ ni wọ́n ṣètò eré yẹn fún, bẹ́ǹṣì nìkan ló sì wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe òwàḿbẹ̀ ló gba Sátidé lọ́wọ́ Fọláṣadé. Kí Bọ̀ọ̀dá má fi orúkọ rẹ̀ bo ṣòkòtò gbọọrọ mọ́lẹ̀.

Àtakò kan wà tí mi ò lè fọwọ́ rọ́ tì: èrò. Nínú jíìmù ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n ti ń fi agolo tó kún fún sìmẹ́ńtì ṣe irin, tí wọ́n sì ń fi ọ̀pá ọkọ̀ láti ọjà Ládipọ̀ ṣe ọ̀pá ìgbérin, ẹni tó fẹ́ ṣe gbogbo ara gbọ́dọ̀ tò sórí ìlà lẹ́ẹ̀mẹrin. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orí bẹ́ǹṣì ni ìlà náà wà, pàápàá ní Mọ́ńdè. Ibi tí wọ́n ti ń gbé irin lé èjìká lóṣòó máa ń ṣófo débi pé àwọn kan ti sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń fi táwẹ́ẹ̀lì kọ́.

Bó bá yá, Bọ̀ọ̀dá á yí padà. Ẹnì kan á fi fídíò kan ránṣẹ́ sí i, á wò ó tán lóru, ilẹ̀ á mọ́, ajíhìnrere á ti dé. Á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì, á máa bi àwọn ọmọdé pé, “Ẹ̀yin ṣì ń pín ara? Ní ayé ìsinsìnyí?” Á ra ìwé àkọsílẹ̀ tuntun. Á kọ “GBOGBO ARA” sí ojú ìwé àkọ́kọ́ ní lẹ́tà ńlá. Ẹ wá ṣí i wò: Mọ́ńdè, àyà, ẹ̀yìn, èjìká, apá; Wẹsidé, bẹ́ẹ̀ náà; Fúráìdeè, bẹ́ẹ̀ náà, pẹ̀lú àfikún àyà. Gbogbo ara rẹ̀ parí síbi tí bẹ́líìtì wà. Bí ẹ bá bi í léèrè ẹsẹ̀, á ní òun ń fẹsẹ̀ rìn láti Ojúẹlẹ́gba dé Barracks lójoojúmọ́, ìyẹn náà kì í ṣe kékeré. Bó bá jẹ́ pé ìrìn ló ń mú itan wú ni, gbogbo èrò tó ń já bọ́ọ̀sì ní Oṣòdì ì bá ti máa gba góòlù. Bí ẹ bá tún fún un pa, á fi ẹ̀rọ̀ ṣàlàyé pé òun kò gbàgbé o, òun ti fún ẹsẹ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀ gédégédé: Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn. Jíìmù àdúgbò rẹ̀ kì í ṣí ní Sọ́ńdè.