Ọwọ́ Ṣọ́bìrì Lórí Òkè Everest

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí ìrẹsì yẹn máa hó lọ, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi yìí ò lè di alẹ́. Ṣé ẹ mọ òkè Everest, ní Nepal lọ́hùn-ún, èyí tó ga ju gbogbo òkè ayé lọ? Àwọn kan gbé ẹ̀rọ tó ń wo ojú ọjọ́ gun orí ẹ̀ lọ́dún 2019. Ẹ̀rọ adáṣiṣẹ́ ni o. Ẹ bá ti rì í mọ́lẹ̀ tán, ẹ máa bá tiyín lọ. Òun nìkan ni yóò máa wọn òtútù, tí yóò máa wọn atẹ́gùn, tí yóò sì máa fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ gba orí sátẹ́láìtì.

Tom Matthews, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, àti Baker Perry, ará Amẹ́ríkà, ni onímọ̀ tó wà nídìí ẹ̀. Màlúù onírun jọ̀bọ̀tọ̀ tí wọ́n ń pè ní yak ló ru ẹrù dé ẹsẹ̀ òkè. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Ẹ̀yìn àwọn Sherpa, ọmọ ilẹ̀ olókè ibẹ̀, ni! Panuru Sherpa ni aṣáájú wọn. Ẹ̀rọ kan tó nǹkan bíi kílò 50, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n pín in rù, wọ́n ń fi àkàbà sọdá kòtò yìnyín tójú ò tó ìsàlẹ̀ ẹ̀. Tó bá jẹ́ tèmi ni, orúkọ tiwọn ni ǹ bá kọ́kọ́ pè.

Ṣóńṣó òkè gan-an ni wọ́n ń lọ. Àmọ́ ṣé ẹ rántí fọ́tò ọdún yẹn, tí èrò tò lọ rẹrẹ lórí yìnyín bíi pé epo bẹntiróò ni wọ́n ń tò fún? Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni! Ni wọ́n bá dúró síbi tí wọ́n ń pè ní Balcony, ní mítà 8,430. Ibẹ̀ náà ò burú, àpáta yọjú níbẹ̀, ẹ̀rọ ọ̀hún ò sì ṣeé gbé ka yìnyín lásán. Inú òkúta ni wọ́n ti ń dè é mọ́lẹ̀, kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ.

Ó yá, ẹ jókòó dáadáa. Díríìlì tí wọ́n fẹ́ fi lu òkúta kọ̀, kò yí. Òtútù ti mú bátìrì ẹ̀. Ni àwọn àgbààgbà bá ń ki bátìrì sínú aṣọ òtútù wọn, wọ́n ń fi ara wọn yá a lóoru!

Bátìrì jí, òpó dúró, ó ku kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń wọn atẹ́gùn sí i. Páìpù tí yóò dì í mú dà? Wọ́n tú àpò, wọ́n gbọn àpò. Wọ́n ti gbàgbé ẹ̀! Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín ná. Ṣé ẹ rántí káfíńtà wa, lọ́jọ́ tó wá kan ilẹ̀kùn Ìyá Ìbejì? Ó gbé ayùn, ó gbé rédíò, ó gbé ife tí yóò fi mutí pàápàá. Hámà ló fi sílé. Ọmọ odó ló fi kan ilẹ̀kùn yẹn, ẹ̀yin náà ṣáà ń rí i bó ṣe wọ́. Ṣùgbọ́n ojúlé kẹta nilé tiẹ̀ o! Ta ni yóò ti orí Everest padà wálẹ̀ wá mú páìpù, tí ọ́síjìn tó gbé sẹ́yìn sì ń tán lọ?

Perry wọ̀tún, ó wòsì, ojú ẹ̀ bá bọ́ sára ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ń kó yìnyín. Ọwọ́ ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe rẹ́gí! Wọ́n wé téèpù mọ́ ọn, wọ́n tì í wọlé. Ẹ̀rọ ojú ọjọ́ tó ga jù láyé nígbà yẹn, ọwọ́ ṣọ́bìrì ló gbé e ró. Ìyá Ìbejì ní irọ́ ni mò ń pa. Mo ní kó lọ bi National Geographic, àwọn ló rán wọn níṣẹ́.

Ó kúkú ṣiṣẹ́, títí ó fi dákẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2020. Lọ́dún 2022 wọ́n tún gbé òmíràn lọ sí Bishop Rock, mítà 8,810, ó ku fín-ín kó kan ṣóńṣó. Tenzing Gyalzen Sherpa wà lára àwọn tó lọ rì í, ẹ sì mọ iṣẹ́ ẹ̀? Oníná ni! Oníná tiwa tí a pè láti ọjọ́ Ẹtì, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan péré la ní kó gùn, ó ní orúnkún ń dun òun.