Ẹgbẹ́ Òṣèlú Wo Ni Òdòdó Akíntọ́lá Ń Ṣe? Ìwádìí Ìjìnlẹ̀ láti Aṣéjire

Ọ̀rọ̀ Ìṣáájú

Ẹni tó bá gba títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ lásìkò ọyẹ́, tó kọjá odò Aṣéjire, tó kọjú sí Ìkirè, yóò rí òdòdó kan lọ́tùn-ún lósì títí yóò fi dé ibi tó ń lọ. Kò lẹ́wà débi tí awakọ̀ yóò fi tẹ bíréèkì nítorí rẹ̀. Kò funfun, kò sì pọ́n. Ó rí ràkọ̀ràkọ̀ bí àdìrẹ tí wọ́n ti fọ̀ jù. Chromolaena odorata ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ewé Akíntọ́lá ni àwọn ará ilé wa ń pè é. Àwọn ará ilé wa mìíràn, tí wọ́n jọ ń mu omi Ọ̀ṣun kan náà, ní irọ́ ni, ewé Awólọ́wọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Láti ọdún 1962 ni àwọn olóṣèlú méjì tó ni orúkọ wọ̀nyí kò ti lè wà nínú ẹgbẹ́ kan náà mọ́, a kò sì gbọ́ ibi tí wọ́n ti gbà kí wọ́n jọ ní ewé kan. Iṣẹ́ ìwé yìí ni láti yanjú rẹ̀.

A mọ̀ pé agbègbè yìí kì í fojú kékeré wo ohun kékeré. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọjà Àpòmù ni wọ́n ti jà nítorí ataare. Ìjà ataare náà wà lára ohun tó bí ogun Òwu, tí Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú fi parapọ̀ dó ti Òwu, tí wọ́n sì fọ́ ìlú náà túútúú. Nítorí ìdí èyí, a kò ka ewé kankan lọ́jà Àpòmù fún ìwádìí yìí, a kò sì bá ẹnikẹ́ni ná nǹkan níbẹ̀.

Orí Kìíní: Ìrísí Rẹ̀

Ewé rẹ̀ ní igun mẹ́ta, iṣan mẹ́ta ló sì là á láti ìdí. Bí èèyàn bá rún un lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ á ta sánsán. Tó bá dá dúró, ó lè ga ju àgbàlagbà lọ. Tó bá rí igi tí yóò fara tì, á gùn ún lọ sókè láìtọrọ àyè.

Òdòdó rẹ̀ ló gba àkíyèsí. Èyí tí a rí lókèèrè tí a pè ní òdòdó kan, ìpàdé ẹgbẹ́ ni nígbà tí a sún mọ́ ọn. Gígùn orí kọ̀ọ̀kan kò ju èékánná lọ, àmọ́ òdòdó tín-ín-tín tó fún pọ̀ sínú rẹ̀ lè tó 15 sí 35. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló na òwú funfun méjì síta. Oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní ni wọ́n máa ń tanná. Lẹ́yìn náà ni èso rẹ̀ á gbẹ, á hu irun, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á sì gbé e. Èyí tí afẹ́fẹ́ kò bá gbé á lẹ̀ mọ́ aṣọ àgbẹ̀ tàbí mọ́ ara ọkọ̀ akẹ́rù, wọn á sì jọ lọ ìrìn àjò.

Linnaeus, ọmọ Sweden tó sọ igi gbogbo ayé lórúkọ, kọ ọ́ sínú ìdílé Eupatorium ní 1759. Ní 1970, àwọn onímọ̀ méjì, King àti Robinson, mú un kúrò níbẹ̀ lọ sí Chromolaena. Èyí túmọ̀ sí pé òdòdó yìí lo ọdún 211 nínú ẹgbẹ́ kan kó tó fò sí òmíràn. A kò tíì rí olóṣèlú tó ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá.

Orí Kejì: Bó Ṣe Dé

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, láti Florida títí dé Ajẹntínà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé e lọ sí ọgbà igi wọn ní Calcutta ní Íńdíà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì ti ibẹ̀ tàn káàkiri Éṣíà. Ní 1937, wọ́n kó èso igi Melina wá sí Nàìjíríà láti Ceylon, èyí tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí. Igi tí wọn yóò gbìn sí igbó ọba ni wọ́n ń wá. Èso òdòdó wa wà láàárín rẹ̀. Kò sanwó ọkọ̀, kò gba ìwé ìrìnnà, kò sì sí aṣọ́bodè tó dá a dúró.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí àwọn tọ́rọ̀ kàn wà lọ́dún náà. Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé Baptist Academy l'Ékòó. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, wà lẹ́nu òwò àti iṣẹ́ ọkọ̀. Kò sí èyí tó ránṣẹ́ pe òdòdó nínú wọn. Nígbà tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ẹgbẹ́ òṣèlú tí àwọn méjèèjì jọ wà kí ìjà tó dé, sílẹ̀ ní 1951, òdòdó yìí ti lo ọdún 14 ní Nàìjíríà, ó sì ti ń ná oko kiri. Tí a bá ní ká fi ọjọ́ orí lórí ilẹ̀ pín ipò, ẹgbẹ́ náà ló yẹ kó wá kí i.

Orí Kẹta: Ẹ̀rí Àwọn Tó Ní Akíntọ́lá Ni

Àwọn wọ̀nyí ní ẹ̀rí tó lágbára. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, orúkọ rẹ̀ lódindi ni "Akíntọ́lá takú", ìtàn sì gbè é.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún 1962, Gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, Ọọ̀ni Ifẹ̀, yọ Akíntọ́lá nípò Olórí Ìjọba, ó sì fi Dáúdá Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Akíntọ́lá ní òun kò lọ. Ní ọjọ́ 25, ilé ìgbìmọ̀ pàdé n'Íbàdàn láti yanjú ọ̀rọ̀ náà, àga ni wọ́n fi yanjú rẹ̀, títí ọlọ́pàá fi da tajútajú sí wọn lára. Ní ọjọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n sì fi Dókítà Majẹ́kódùnmí jẹ alábòójútó. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1963, Akíntọ́lá ti padà sórí àga. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, àwọn adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní yíyọ tí wọ́n yọ ọ́ bófin mu. Ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn tún òfin ṣe, wọ́n ní kí òfin tuntun náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ látẹ̀yìn wá, Akíntọ́lá sì wà níbi tó wà.

Ẹ wá wo ewé náà. Ẹ fi àdá gé e, á yọ ẹ̀ka púpọ̀ dípò ẹyọ kan tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ dáná sun ún, ìdí rẹ̀ á dákẹ́ sílẹ̀ títí òjò àkọ́rọ̀ á fi rọ̀, á sì rú jáde. Àgbẹ̀ Ìkirè tó gbọ́ ìròyìn ilé ìgbìmọ̀ láàárọ̀, tó wọ oko kòkó rẹ̀ lọ́sàn-án, tó bá ewé tó gé lánàá òde yìí níbi tó ti gé e, kò nílò ọ̀jọ̀gbọ́n láti bá a wá orúkọ.

Ìwádìí kọjá ẹnubodè gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Ní Gánà, Acheampong ni wọ́n ń pè é, orúkọ ọ̀gágun tó gbàjọba lọ́dún 1972 tí wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1978. Ní Côte d'Ivoire, wọ́n fi orúkọ Sékou Touré pè é, ìyẹn ààrẹ Guinea tó múlé tì wọ́n. Ní Kóńgò, orúkọ ààrẹ wọn àtijọ́, Ngouabi, ló rí gbà. Nínú èyí ni a ti fa òfin kan yọ: ewé tó bá gba oko láìgbàṣẹ, orúkọ ẹni tó wà lórí àlééfà ni yóò jẹ́, bí tiwọn kò bá sì tó pè, wọn á yá ti aládùúgbò.

Orí Kẹrin: Ẹ̀rí Àwọn Tó Ní Awólọ́wọ̀ Ni

Àwọn wọ̀nyí kì í fi oko ṣe ẹ̀rí, ọgbẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ìdí ẹja l'Áṣéjire la ti rí i. Ìyá kan ń ha ìpẹ́ ẹja ẹ̀pìyà, ẹ̀gún ẹ̀yìn ẹja wọ̀ ọ́ ní àtàǹpàkò, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà sínú abọ́. Kò pariwo. Ó na ọwọ́ kejì sẹ́yìn àtíbàbà, ó já ọ̀mùnú ewé mẹ́ta, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra á títí omi àwọ̀ ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ó fún un sójú ọgbẹ́, ó fajú ro, ó fẹnu fẹ́ ẹ. Ẹ̀jẹ̀ dá. Ó mú ẹja tó kàn. Oníbàárà rẹ̀ kò tilẹ̀ dá owó tó ń ná dúró.

Ìmọ̀ ìṣègùn kò jiyàn pẹ̀lú ìyá yìí. Àwọn aṣèwádìí ti dán omi ewé náà wò, wọ́n rí i pé ó ń mú ẹ̀jẹ̀ dá kíákíá. Ní Vietnam, wọ́n ti fi ṣe oògùn ọgbẹ́ àti ti ara tó jóná, Eupolin ni wọ́n pè é. Àwọn ẹlẹ́rìí wa ní ohun tó bá ń wo mẹ̀kúnnù sàn láìgba kọ́bọ̀, kò sí orúkọ mìíràn tó yẹ ẹ́ ju ti Awólọ́wọ̀ lọ.

Àwọn alátakò bi wọ́n ní ìbéèrè kan tó nira. Ọ̀pẹ ni àmì ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀. Ewé yìí sì máa ń bo ọ̀pẹ kékeré mọ́lẹ̀ títí kò fi ní rí oòrùn. Báwo ni ọmọ ẹgbẹ́ ṣe lè máa fún àmì ẹgbẹ́ lọ́rùn? Èsì tí wọ́n fọ̀ kò ṣeé já ní koro: wọ́n ní kí ẹ lọ ka ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1962, kí ẹ wo ẹni tó fún Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ lọ́rùn, bóyá ará ìta ni.

Orí Karùn-ún: Ẹlẹ́rìí Aláìlẹ́gbẹ́

Nítorí pé ìhà méjèèjì ní ẹ̀rí, a pe ẹlẹ́rìí kẹta. Òun ni tata aláràbarà tó máa ń bo oko lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Zonocerus variegatus. Àwọn onímọ̀ ti ṣọ́ ọ, wọ́n sì rí i pé ó fẹ́ràn òdòdó yìí dé góńgó. Kì í ṣe nítorí ebi. Májèlé kan wà nínú òdòdó náà tí tata ń tò jọ sí ara rẹ̀ àti sínú ẹyin rẹ̀, kí ọ̀tá má lè pa á jẹ. Bó bá ti dáàbò bo ara rẹ̀ tán, oko ẹ̀gẹ́ ló ń lọ.

A fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. A kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín tata tó gun òdòdó níwájú ilé ẹni tó ní Akíntọ́lá ni, àti èyí tó gùn ún níwájú ilé ẹni tó ní Awólọ́wọ̀ ni. Àwọn méjèèjì ló jẹ ẹ̀gẹ́.

Orí Kẹfà: Ọ̀rọ̀ Ààlà

Àwọn kan ní kí a fi ìpínlẹ̀ yanjú rẹ̀. Kò ṣeé ṣe. Ilẹ̀ yìí wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn títí di 1967, ó di Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, ó di Ọ̀yọ́ ní 1976, apá Ìkirè àti Àpòmù sì di Ọ̀ṣun ní 1991. Nígbà tí wọ́n sé odò Ọ̀ṣun l'Áṣéjire kí Ìbàdàn lè rí omi mu, òdòdó wa kàn sún sẹ́yìn sí etí omi tuntun ni. Akíntọ́lá kú ní oṣù Kìíní 1966. Awólọ́wọ̀ kú ní oṣù Karùn-ún 1987. Ewé náà ṣì wà níbẹ̀, níhà Ọ̀yọ́ àti níhà Ọ̀ṣun, kò sì sí ìjọba tó tíì rí i lé jáde.

Ìdájọ́

Lẹ́yìn tí a gbé gbogbo ẹ̀rí yẹ̀ wò, ìdájọ́ wa rèé. Ẹni tó mú àdá dání yóò pè é ní Akíntọ́lá. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ yóò pè é ní Awólọ́wọ̀. Ẹnì kan náà sì lè ṣe méjèèjì kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú. Nítorí náà, gbòǹgbò rẹ̀ ti Akíntọ́lá ni, ewé rẹ̀ ti Awólọ́wọ̀ ni. Òdòdó rẹ̀, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pe ìjókòó yìí, tata ló ni ín.

Sí ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìkirè àti Àpòmù: àdá kò ran ewé yìí. Ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, kó tó di oṣù Kọkànlá, torí bó bá ti tanná, tọdún tó ń bọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn. Ẹ fi ìdí kan sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé nítorí ọ̀bẹ àti ẹ̀gún ẹja. Bí ọgbẹ́ bá sì jìn, ẹ má jókòó jiyàn orúkọ ewé: ẹ tètè gbé e lọ sí ọsibítù.