Orúkọ Ọmọ Ayàwòrán Kò Sí Lára Bánà

Màmá Rẹ̀mí kò tíì jókòó tó ti ń sọ̀rọ̀. Lámídì télọ̀ sì mọ̀ pé bí olùkọ́ àgbà yìí bá wọ ṣọ́ọ̀bù òun ní Mọ́kọ́lá láìbéèrè aṣọ rẹ̀, inú ló ń bí i.

“Lámídì, ṣé o rí bánà tí wọ́n gbé kọ́ sẹ́nu géètì ilé-ìwé gírámà ẹ̀yìn ọjà yẹn?”

“Mo rí i, Màmá. Ọmọ mẹ́jọ ló wà lára ẹ̀. Èyí tó gba 312 nínú JAMB, orí ẹ̀ tóbi ju ti gómìnà lọ.”

“Ọmọbìnrin tó ṣe ipò kìíní nínú iṣẹ́ ọnà ńkọ́? Èyí tó ya gbogbo ògiri gbọ̀ngàn wọn, táwọn òbí ń tò síwájú ẹ̀ láti ya fọ́tò?”

Lámídì ní kí Màmá jẹ́ kóun parí ọrùn bùbá kan ná. Màmá kò jẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bùn, ẹni tó mọ ìṣirò jù gba kọ̀ǹpútà alágbèéká. Wọ́n pe bàbá àti ìyá rẹ̀ jáde, onílù ki bàbá náà títí tó fi ná gbogbo owó àpò rẹ̀ tán. Ìgbà tí wọ́n fi máa pe ọmọ ayàwòrán, àwọn oníkánópì ti ń ká àga. Ìwé ìkọ̀wé mẹ́fà ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́.

“Ṣùgbọ́n Màmá, ẹ má bínú o, ìjọba gan-an ti fọwọ́ sí i pé ìṣirò ju iṣẹ́ ọnà lọ. Ṣebí lóṣù October 2025 ni wọ́n kéde pé ọmọ tó bá fẹ́ ka áàtì ò nílò kírẹ́dì ìṣirò mọ́ kó tó wọ yunifásítì. Ọmọ tí ìṣirò bá ti lé dànù ló ń sá lọ síbẹ̀.”

Àwàdà yìí gan-an, tó gba orí Facebook kan nígbà náà, ló ń dun Màmá jù. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ padà ṣàlàyé pé gbogbo ọmọ ló ṣì máa forúkọ sílẹ̀ fún ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú ìdánwò àṣekágbá. Àlàyé yẹn kò rìn jìnnà tó yẹ̀yẹ́.

“Jókòó kí n bá ọ sọ̀rọ̀.”

“Mo ti jókòó, Màmá. Ìdí màṣíìnì ni mo wà látàárọ̀.”

“Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, 1882 ni wọ́n bí i. Ó ti ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906, kó tó lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní London ní 1920. Nígbà tó dé, ó ń ti ilé-ìwé kan bọ́ sí òmíràn l'Ékòó láti kọ́ àwọn ọmọ: King's College, CMS Grammar School. Ǹjẹ́ o mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́? ‘Mr. Perspective.’ Ó ń kọ́ wọn bí ọ̀nà ṣe ń tín-ín-rín bó bá ṣe ń jìnnà sójú, àti bí wọ́n ṣe máa fi rúlà wá ibi tí ìlà méjì ti pàdé. Kí nìyẹn bí kì í bá ṣe ìṣirò?”

Lámídì wo téèpù tó wà lọ́rùn ara rẹ̀, kò fèsì.

Ọnàbólú kan náà ló ń rọ ìjọba amúnisìn títí wọ́n fi mú olùkọ́ iṣẹ́ ọnà mìíràn wá, Kenneth Murray, ní 1927. Ní 1937, Murray kó iṣẹ́ àwọn tó kọ́ lọ sí London, ó sì pàtẹ wọn ní Zwemmer Gallery. Ben Enwonwu wà lára wọn. Enwonwu yìí ló padà ya Tutù, ọmọ ọba Ilé-Ifẹ̀, àwòrán tí wọ́n tà ní London ní 2018 ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 1.2 pọ́n-ùn.

“Pọ́n-ùn! Àwòrán kan ṣoṣo! Ṣé góòlù ni wọ́n fi ṣe férémù ẹ̀ ni?”

“Gbàgbé owó. Ohun tí Murray ṣe ni kó o wò. Ó gbé iṣẹ́ ọmọ kọ́ síbi tí ẹni tí kò mọ bàbá ọmọ yóò ti rí i.”

Lámídì ní ayé ti yàtọ̀, wọ́n ti ń gbé wọn gẹ̀gẹ̀ báyìí. Ṣé Màmá ò rántí ọmọ tó ya Macron ni? Àti ọmọ Ajángbádì tó ń jó báléè nínú òjò?

“Mo rántí. Kareem Waris Olamilekan, ọmọ ọdún 11, ní Afrika Shrine, 2018. Ààrẹ ilẹ̀ Faransé ló gbé e sí Twitter tí òkìkí rẹ̀ fi kàn sí i. Anthony Madu, ọmọ ọdún 11 lòun náà, láìwọ bàtà lórí kọnkéré. Ọ̀fẹ́ ni Daniel Ajala ń kọ́ wọn ní Leap of Dance Academy láti 2017. Fídíò yẹn rin ayé já ní 2020, ó sì gbé ọmọ náà dé ilé-ìwé báléè Elmhurst ní Birmingham lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ṣé dandan ni kí òyìnbó kọ́kọ́ rí ọmọ wa kí àwa tó rí i?”

“Èmi náà na ẹsẹ̀ sókè bíi tiẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ kan, Màmá. Ṣòkòtò tí mo fọwọ́ ara mi rán ló ya.”

“O ò gé e dáadáa nìyẹn.”

Lámídì ní ó kù síbì kan: àwọn ilé-ìwé ò lówó. Màmá yarí. Owó kánópì wá, owó bánà wá, tíṣẹ́ ọnà nìkan ni kì í sí! Jímọ̀ Bùráímọ̀, iná ló ń bójú tó fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládìípọ̀ ní Òṣogbo. Wọ́n fún un láyè láti yàwòrán níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Mbárí Mbáyọ̀ ní 1964, lónìí ayé mọ̀ ọ́n mọ àwòrán ìlẹ̀kẹ̀. Pákó tó ṣẹ́kù lọ́dọ̀ káfíńtà ti tó láti fi ṣe férémù. Àwòrán ọmọbìnrin yẹn yẹ lẹ́nu géètì, kí ẹ̀bùn rẹ̀ sì bá ti ọmọ ìṣirò dọ́gba. Ohun tí Màmá máa sọ níwájú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ní Sátidé nìyẹn, ó sì tún fẹ́ kí wọ́n ṣe eré orí ìtàgé lọ́dún tó ń bọ̀.

“Aṣọ eré náà, méjìlá ni. Èló?”

“Nítorí tiyín, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.”

“Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Wọ́n á sì pe ìwọ náà jáde, pé Lámídì ló rán an.”

“Orúkọ mi? Lórí pèpéle? Pẹ̀lú onílù?”

“Pẹ̀lú onílù.”

Lámídì pa màṣíìnì. “Ẹ mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún wá, Màmá.”