Oríkì Èépá Inú Ẹ̀rọ Kọfí

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, Èépá Àkànní, olóyè tó gúnwà sínú ẹ̀rọ kọfí wa ní Lọ́ńdọ̀nù láìgba ìwúyè.

A-jókòó-má-sanwó-ilé!
Aláṣọ-funfun tí kò mọ ọ̀nà ilé Ọbàtálá!
Ọmọ ẹfun abẹ́ òkè Chilterns,
ọmọ ìkarahun wíńníwínní tó kú sísàlẹ̀ òkun
nígbà tí dinosaur ṣì ń jẹ̀ káàkiri.
Òjò rọ̀, ó gba inú ẹfun kọjá, ó pọ̀n ọ́ dé páìpù.
Nínú omi tútù, ẹnikẹ́ni ò rí ọ;
omi gbóná tán, gáàsì tó fi ọ́ pamọ́ fò lọ,
lo bá lẹ̀ mọ́ irin, o ní ilé bàbá rẹ nìyẹn.

Àwọn olóyè mìíràn a máa la títì, wọn a gbẹ́ kànga. Ìwọ, ìjókòó lásán niṣẹ́ rẹ, o sì mọ̀ ọ́n ṣe. Omi tó yẹ kó bá kọfí pàdé ní nǹkan bí 90 sí 96 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìwọ lo ní kó máa bọ̀ ní ìlọ́wọ́ọ́wọ́. Iná tó yẹ kó mú omi gbóná, ìwọ lo kọ́kọ́ ń yá a. Ẹ̀rọ ń wúkọ́, àwa ń sanwó.

Òkìkí rẹ ò kúkú dé Manchester. Omi òkè Lake District ni wọ́n ń mu níbẹ̀, kì í bá ẹfun pàdé lọ́nà. Wọn ò mọ̀ ọ́ rárá. Ọ̀gá àdúgbò!

Akọni tí fínígà ń lé! Fínígà funfun ààbọ̀, omi ààbọ̀, a dà á sínú táńkì, a tan ẹ̀rọ. Tó bá dé ìdajì, a pa á fún bí ìṣẹ́jú 30, kí fínígà bá ọ jẹ oyè náà. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń hó ṣùù: irú gáàsì tó fò lọ lọ́jọ́ tó o gorí ìtẹ́ ló tún ń jáde.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má jẹ́ kí fínígà náà ta sórí tábìlì mábù o. Ẹbí Èépá ni mábù, yóò jẹ òun náà. Ọ̀rá dúdú ara jọ́ọ̀gì kì í ṣe ará ilé yìí. Ọṣẹ ló ni ìyẹn, n ò sì ní oríkì fún un.

Kábíyèsí, sínkì ń pè ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì la ó fi omi tó mọ́ ṣan ojú ìtẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ mu kọfí olóòórùn fínígà. Ẹ gbé jọ́ọ̀gì yẹn wá, mo fẹ́ da èkejì.