Ìpín Tèmi Dà?

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni bá mi dá ẹjọ́ yìí o. Mo kàn fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ ni. Ìgò bùràńdì kan wọ ilé mi ní Ìjàn-Èkìtì, ó sì tán nínú ilé mi náà, ṣùgbọ́n èmi tí wọ́n fi ta lọ́rẹ ò mu tó ohun tó lè kún ìdérí rẹ̀.

Ọkọ ọmọ mi ló gbé e bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀ọ̀nù lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá, ògidì ti ilẹ̀ Faransé rèé, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń pò ní ẹ̀yìnkùlé." V.S.O.P. ni wọ́n kọ sára ìgò. Mo ti ń nawọ́ sí ife kí ìyàwó mi tó gbà á, ó sì tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, láàárín àwo tí a kì í fi jẹun àti fọ́tò ìgbéyàwó wa. Ó ní ti àlejò pàtàkì ni. Bí mo bá sì béèrè, á ní, "Bàbá Fúnmi, ẹ jẹ́ kó gbó sí i. Ṣebí bó ṣe ń pẹ́ ló ń dùn?" Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń wo ọtí mi bí ológbò ṣe ń wo ẹja inú agolo.

Àfi lọ́dún Àjíǹde tí àbúrò ìyàwó mi dé láti Èkó. Mo fi ogún ọdún jù ú lọ, ṣùgbọ́n àna ni, "ẹ" ni mo ń pè é. Ó wo kọ́bọ́ọ̀dù, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní ó ń gbó nínú ìgò? Inú àgbá igi ló ti ń gbó. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti rọ ọ́ sínú ìgò ni ọjọ́ orí rẹ̀ ti dúró." Mo wo ìyàwó mi. Ìyàwó mi ń wo fáànù.

Àna mi ní kí á ṣí i, òun fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mu ún. Ẹ sì mọ̀ pé Èkìtì ni wá. Ilé tí kò bá tíì ní ọ̀jọ̀gbọ́n níbí, ẹnì kan ń kàwé lọ síbẹ̀ nínú rẹ̀. Ta ni èmi tí màá ní mi ò fẹ́ ẹ̀kọ́?

Ọjọ́ kìíní, orúkọ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní kì í ṣe gbogbo bùràńdì ló ń jẹ́ cognac, àfi èyí tó bá ti agbègbè ìlú Cognac wá, létí odò Charente, níbi tí ìjọba Faransé pa ààlà sí lọ́dún 1909. Ó bu díẹ̀ mu. Ó ní wáìnì funfun kíkan tí kò dùn ún mu ni wọ́n ń sè nínú ìkòkò bàbà, lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n ń gba ooru rẹ̀. Nǹkan bíi lítà mẹ́sàn-án ló ń di lítà kan, sísè náà sì gbọ́dọ̀ parí kí oṣù Kẹta tó jáde. Ó tún bu díẹ̀. V.S. gbọ́dọ̀ lo ọdún méjì ó kéré tán nínú àgbá, V.S.O.P. ọdún mẹ́rin, X.O. ọdún mẹ́wàá láti 2018. Mẹ́fà ni tẹ́lẹ̀. Mo ní kí ló dé tí wọ́n fi lẹ́tà ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀ sára ọtí Faransé? Ó ní àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ló ń rà á jù láyé àtijọ́, pé Hennessy tó dá tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1765 gan-an, ọmọ Ireland ni. Àwọn ará Faransé ò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ mu ún. Nínú ìgò mẹ́wàá, ó lé ní mẹ́sàn-án tó ń lọ sókè òkun.

Ìyẹn ni pé ẹni tó ni ín kì í mu ún. Ẹ̀kọ́ yẹn yé mi ju gbogbo èyí tó kù lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ kan áńgẹ́lì. Bí ọtí bá ń sùn nínú àgbá, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ lọ lọ́dọọdún. Wọ́n ń pè é ní ìpín àwọn áńgẹ́lì. Nǹkan dúdú kan tó ń hù bí ìgbà tí búrẹ́dì bá bu sì ń jẹ nínú ooru ọtí náà, ó ń sọ ògiri àti òrùlé ìlú yẹn di dúdú. Ẹ gbà mí o! Áńgẹ́lì ti gba tiẹ̀. Ohun tó ń bu lára ògiri ti mu yó. Èmi ò tíì fẹnu kàn án.

Mo wá gbé ife. Ife ẹ̀bùn òkú àgbà kan ní Adó ni, àwòrán màmá olóògbé wà lára rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi. "Rárá o, Ẹ̀gbọ́n! Ẹ fi imú gbọ́ ọ ná!" Ó ní ife tó yẹ kó fẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ fún, kí òórùn má baà sá lọ. Mo fi imú gbọ́ ọ. Kí n má parọ́: ó ń ta sánsán bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n já, bí oyin, bí èèpo ọsàn, bí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà láàárọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la pákó. Mo fi ahọ́n tọ́ ọ. Ó rọra gbóná sọ̀ kalẹ̀, ó dúró sí àyà, ó ṣe bí ẹni fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni àna mi ti gba ife lọ́wọ́ mi kó lè fi bí wọ́n ṣe ń yí i hàn mí. Ó yí i, ó yí i, ó sì yí i sí ọ̀fun ara rẹ̀.

Ohun tó tún dùn mí ni pé iṣẹ́ tí àna mi ń ròyìn yìí ni bàbá bàbá mi ń ṣe nínú igbó létí odò. Dúrọ́ọ̀mù, iná, páìpù tó gba inú omi tútù kọjá, ẹmu ń di ògógóró ní ẹ̀kán-ẹ̀kán. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀daràn ni, ọlọ́pàá ń lé wọn kiri igbó, bẹ́ẹ̀ jìnì Òyìnbó ń gba èbúté Èkó wọlé, owó ibodè rẹ̀ sì ń wọ àpò ìjọba. Ta ló pa ààlà yí Ìjàn ká? Bí wọ́n bá tilẹ̀ fún bàbá ní lẹ́tà kankan, èyí tí wọ́n ń kọ sára aṣọ ẹ̀wọ̀n ni.

Ọjọ́ márùn-ún ni ẹ̀kọ́ fi wáyé. Lọ́jọ́ kẹfà, tíṣà padà sí Èkó, ìgò sì ti gbẹ. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ ti ń mọ̀ ọ́n mu díẹ̀díẹ̀."

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọkùnrin kan dé, ó ń ra ìgò òfìfo. Owó tó dá lé e yà mí lẹ́nu. Bí ẹ bá ń mu ògidì níbi ìnáwó, ẹ rántí ọmọ yẹn. Ìyàwó mi ò tà á. Ó fọ̀ ọ́, ó rọ àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí a fi ògógóró rẹ sínú rẹ̀, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó sì gbé e padà sí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní àlejò ò gbọ́dọ̀ bá àyè rẹ̀ lófìfo.

Kérésì dé, àna mi mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá. Kí n tó dìde, ó ti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ra òmíràn! Ẹ̀kọ́ ti wọlé!" Ó da tirẹ̀ sínú ife màmá olóògbé, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó ní kí ọ̀rẹ́ òun wo àwọ̀ rẹ̀, pé inú àgbá igi nìkan ló ti ń rí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi ń wo fáànù. Àna mi gbé ife sókè, ó kù díẹ̀ kó kan ètè rẹ̀.

Mo ní, "Rárá o, àna mi. Ẹ fi imú gbọ́ ọ ná."