Èèpo Ẹ̀pà Singapore

Mo ti rí ẹni tó sanwó kó tó jẹ ẹ̀pà. Ẹni tó sanwó gọbọi kó tó da èèpo ẹ̀pà sílẹ̀ ni n kò rí rí, àfi ọjọ́ tí èmi àti ọmọ àǹtí mi kan jọ wà ní Singapore. Ní hòtẹ́ẹ̀lì Raffles, ilé ọtí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Long Bar. Ẹ̀pà eléèpo wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ilẹ̀ sì ni àwọn oníbàárà ń da èèpo rẹ̀ sí, nínú ìlú tí ìjọba ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá ju ìdọ̀tí síta! Àmọ́ ife Singapore Sling kan, ọtí àdàlù tí wọ́n ṣẹ̀dá níbẹ̀, lé ní dọ́là 30 owó wọn. Àbúrò mi ra ife kan. Ó fọ́ ẹ̀pà, ó da èèpo sílẹ̀, ó ní kí n ya fọ́tò. Mo yà á. Ó ní èèpo ò hàn dáadáa. Mo tún un yà.

Ọmọ yìí kan náà ló sọ fún mi ní pápákọ̀ òfurufú pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká rọra náwó o, ọwọ́ mi ò dẹ̀." Àṣé Indomie ló dì sínú àpótí láti Èkó! Indonesia ni wọ́n ti bí Indomie, nǹkan bíi wákàtí kan péré sì ni ọkọ̀ ojú omi ń lò láti Singapore dé Batam, erékùṣù Indonesia. Ó gbé ọmọ ọlọ́mọ la òkun padà sẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀, ó wá ń da omi gbígbóná sí i nínú yàrá tí àwa méjèèjì àti àlejò mẹ́fà mìíràn jọ sùn.

Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Ojú àlejò ló máa ń là. Ẹni tó pa òwe yẹn ò tíì rí fóònù. Ọmọ òde òní dé oko olóko, ó kẹ̀yìn sí ebè, ó kọjú sí fóònù, ó sì ti di iṣu oko baba rẹ̀ sápò kébi má baà pa á.

Bẹ́ẹ̀ oko ọ̀hún ò gbowó. Ní South Bridge Road, láàárín àdúgbò àwọn Ṣáínà, mọ́ṣáláṣí Jamae tí àwọn Mùsùlùmí Tamil dá sílẹ̀ ní 1826 wà níbẹ̀, ilé òrìṣà Sri Mariamman ti àwọn Híńdù, ti 1827, kò jìnnà sí i. Bàtà nìkan lẹ ó bọ́. Mo wọlé. Ìta ni ti àbúrò mi, ó ń wá íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ tí yóò fi gbé èèpo ẹ̀pà jáde fáráyé.

Mo wọ́ ọ lọ sí ọjà oúnjẹ Maxwell, níbi tí ìrẹsì àti adìyẹ bíbọ̀ kò ju nǹkan bíi dọ́là 5 lọ. Ó rí àpò tíṣù kan lórí tábìlì òfìfo, ó jókòó, ó fa ọ̀kan yọ, ó fi nu òógùn. Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì! Tíṣù ni wọ́n fi ń gba àyè níbẹ̀, bí a ṣe ń fi báàgì gba àga lóde àríyá. Ìyá àgbà Ṣáínà tó ni ín gbé abọ́ dé, ó wo tíṣù, ó wo àbúrò mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó jókòó tì í, ó ti àwo ata sí i. Mo gbé ìrẹsì wa dé, ọmọ náà fi ata sí tirẹ̀, imú rẹ̀ ń ṣomi, òun fúnra rẹ̀ ló dìde lọ ra abọ́ kejì. Kò rántí fọ́tò. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé èébú tí mo ti tò sílẹ̀. Ìyá àgbà fún un ní tíṣù tó kù.

Ìyẹn ló fi di ẹ̀bùn wálé. Gbogbo ẹbí pé jọ, ó tú tíṣù náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, èèpo ẹ̀pà méjì ló wà níbẹ̀. Àǹtí mi mú ọ̀kan, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ẹ̀pà inú ẹ̀ ńkọ́?"